Bouchon: Ilé Oúnjẹ Àwọn Ahunṣọ Ìlú Lyon

Bouchon ni wọ́n ń pe irú ilé oúnjẹ kékeré kan tó jẹ́ ti ìlú Lyon, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Tábìlì ibẹ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń jẹun níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Aṣọ tábìlì sábà máa ń jẹ́ èyí tí pupa àti funfun pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ìkòkò bàbà ń so rọ̀ lára ògiri, ẹni tó ni ilé náà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wá béèrè ohun tí àlejò fẹ́ jẹ. Ohun tó wà nínú àwo ni ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀ adìẹ, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti orí ọmọ màlúù. Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá wọlé síbẹ̀ máa ń sọ pé oúnjẹ ará oko ni àwọn wá jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti oko ni ẹran àti wáìnì ti ń wá, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ló bí bouchon. Àwọn ahunṣọ tí kò ní àkókò tí kò sì lówó lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀, àwọn obìnrin tó ti ń dáná nílé olówó ló sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀.

Lyon jókòó síbi tí odò méjì ti pàdé, Saône láti àríwá àti Rhône láti àwọn òkè Alps. Àwọn ará Róòmù ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 43 ṣáájú ìbí Jésù, lábẹ́ Lucius Munatius Plancus, wọ́n sì pè é ní Lugdunum. Kò pẹ́ tó fi di olú ìlú fún àwọn ẹkùn Gaul. Ibi tí ìlú náà wà ṣe é lóore gidigidi ní ti oúnjẹ. Adìẹ Bresse, tí ìyẹ́ rẹ̀ funfun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí aró, ń bẹ nítòsí rẹ̀. Láti ọdún 1957 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ adìẹ náà. Láti Charolais ni màlúù ti ń bọ̀, láti inú àwọn adágún Dombes sì ni ẹja. Èso àti ewébẹ̀ ń gba àfonífojì Rhône gòkè wá. Àwọn ará ìlú náà máa ń fi ṣe àwàdà pé odò mẹ́ta ló ń ṣàn gba Lyon kọjá: Rhône, Saône, àti wáìnì Beaujolais.

Ohun tó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀ ni aṣọ sẹ́dà, tí àwọn mìíràn ń pè ní sílíìkì. Ní ọdún 1536, Ọba François Kìn-ín-ní fún Lyon ní àṣẹ láti máa hun ún, kí owó ilẹ̀ Faransé má baà máa lọ sọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Nígbà tó di 1804, ọmọ Lyon kan, Joseph-Marie Jacquard, ti gbé òfì tuntun jáde: páálí tí wọ́n lu ihò sí ló ń darí òwú, èyí tó jẹ́ kí ahunṣọ kan ṣoṣo lè hun àwòrán òdòdó tàbí ẹyẹ láìsí pé ọmọdé kan dúró tì í tó ń fa okùn. Òfì yìí ga púpọ̀, kò sì wọnú àwọn ilé àtijọ́. Nítorí náà wọ́n kọ́ ilé tuntun sórí òkè Croix-Rousse, tí àjà yàrá rẹ̀ ga tó mítà mẹ́rin. Inú yàrá kan náà ni ẹbí ti ń hunṣọ, tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ti ń sùn lórí pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilé ìdáná.

Àwọn ahunṣọ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní canut. Ọ̀gá ahunṣọ ló ni òfì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni òwú: oníṣòwò ní ń gbé òwú wá, òun ló ń sọ irú aṣọ tó fẹ́, gígùn aṣọ tó bá jáde ló sì ń sanwó lé lórí. Iye tó bá san ló ń pinnu ohun tó máa wà nínú àwo ní Croix-Rousse. Nígbà tí owó iṣẹ́ ń wálẹ̀ ṣáá, wọ́n fẹnu kò ní oṣù Kẹwàá ọdún 1831 lórí iye tí oníṣòwò kankan kò gbọ́dọ̀ san dín. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kọ etí ikún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, àwọn canut sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú àsíá dúdú tí wọ́n kọ sí pé bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kò bá lè bọ́ àwọn, kí àwọn kúkú kú sójú ìjà, wọ́n sì gba ìlú mọ́ àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n tún dìde ní oṣù Kẹrin ọdún 1834. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbọn ìjọba ló borí. Iye owó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn ará Lyon máa ń pe Croix-Rousse ní òkè tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń pe Fourvière, tó dojú kọ ọ́ ní òdì kejì odò Saône, ní òkè tó ń gbàdúrà. Okùn kan so òkè méjèèjì yìí mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1822, Pauline Jaricot, ọmọ oníṣòwò sẹ́dà, ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lyon tó ń gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìjọ Àgùdà láti fi ran àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́dà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Orí Fourvière ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac ti dá ẹgbẹ́ àwọn fádà SMA (Society of African Missions) sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856. Àwọn fádà ẹgbẹ́ yìí gúnlẹ̀ sí Dahomey ní 1861, wọ́n sì ti ibẹ̀ dé Èkó àti Abẹ́òkúta.

Lórí Croix-Rousse, iṣẹ́ òfì ló ń pinnu bí canut ṣe ń jẹun. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí òfì ti ń dún, kì í sì í dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ẹni tó ti ń tẹ ẹsẹ̀ òfì láti ìdájí ti ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, ebi gidi ló sì ń pa á, kì í ṣe ebi tíì àti búrẹ́dì. Oúnjẹ tó ń jẹ nígbà náà ni mâchon: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti tutù, sọ́séèjì gbígbẹ, ẹsẹ̀ àti etí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sè, awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dín títí tó fi ń dún pàpàpà lẹ́nu, wàràkàṣì, búrẹ́dì, àti wáìnì pupa. Kò sí ohun àràmàǹdà nínú ìdí tó fi jẹ́ inú ẹran ni wọ́n ń jẹ. Itan àti ìhà lọ sílé oníṣòwò. Ṣàkì, ìfun, ẹsẹ̀ àti orí wà nílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó.

Lórí ibi tí orúkọ bouchon ti wá, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Faransé òde òní lè rò pé èdídí ìgò ni, tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Àlàyé tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ jù ni pé ìdì koríko gbígbẹ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé èrò tí wọ́n bá fi ìdì koríko tàbí ẹ̀ka igi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń sọ fún èrò pé wáìnì wà níbẹ̀, pé oúnjẹ wà, pé wọ́n á sì fi koríko nu òógùn ara ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin lọ, koríko lọ, orúkọ kù.

Ilé oúnjẹ wọ̀nyí ní alágbàwí kan tí kì í ṣe ènìyàn. Laurent Mourguet, ahunṣọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì di ayọyín lójú ọjà, máa ń fi ọmọláńgidi ṣeré kí ariwo ẹni tó ń yọ eyín fún má baà lé èrò lọ. Nǹkan bí ọdún 1808 ló ṣẹ̀dá Guignol, ọmọláńgidi tó ń sọ̀rọ̀ bí canut tó sì ń lu ọlọ́pàá ní pàṣán. Ọ̀rẹ́ Guignol ni Gnafron, aránbàtà onímú pupa tí kì í jìnnà sí ìgò Beaujolais. Gnafron yóò tún jẹyọ nínú ìtàn yìí.

Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní mère ló gbé oúnjẹ yìí kúrò ní kọ̀rọ̀. Ìyá ni ìtumọ̀ mère, bí Yorùbá ṣe ń pe olóńjẹ ní Ìyá Báyìí. Ìyá Guy ti ń sè ẹja fún àwọn tó ń gba etí odò Rhône kọjá ní ọdún 1759. Ṣùgbọ́n àsìkò wọn gan-an bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ilé olówó ń dín ìránṣẹ́ wọn kù. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́wàá dáná fún ẹbí kan, tó mọ bí a ti ń se adìẹ tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò fi ní ṣàn jù, tó sì mọ ọjà bí ẹni mowó, yóò wá ibì kan háyà, yóò sì máa ta oúnjẹ. Nǹkan díẹ̀ ló ń sè, kì í sì í yí i padà.

Èyí tó kọ́kọ́ gba òkìkí ńlá nínú wọn ni Ìyá Fillioux. Françoise Fayolle ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Auvergne ni wọ́n bí i sí ní 1865. Ó dáná fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ adójútòfò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí òun àti ọkọ rẹ̀, Louis Fillioux, tó gba ilé ọtí kékeré kan ní òpópónà Duquesne. Oúnjẹ kan náà ló ń gbé kalẹ̀ láti ọdún dé ọdún: ọbẹ̀ omi, quenelle, ọkàn ewé artichaut pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, àti adìẹ tí wọ́n ń pè ní aláṣọ-ọ̀fọ̀-ààbọ̀. Ó máa ń gé olú abẹ́lẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní truffe pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, yóò tì í sábẹ́ awọ adìẹ Bresse láìjẹ́ kí awọ náà ya, yóò fi aṣọ funfun wé adìẹ náà, yóò sì bọ̀ ọ́ nínú omi ẹran títí yóò fi rọ̀. Bí wọ́n bá tú aṣọ náà, dúdú olú á máa hàn lábẹ́ awọ funfun, bí aṣọ ọ̀fọ̀ tí wọ́n ti ń bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Fillioux fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde wá gé e lójú oníbàárà, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tó ti lò títí tí irin rẹ̀ fi jẹ, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó kú ní 1925.

Eugénie Brazier ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bí i ní 1895 ní àgbègbè Ain. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì rán an lọ máa da ẹlẹ́dẹ̀ nínú oko olóko. Nígbà tó lóyún láìlọ́kọ, bàbá rẹ̀ lé e jáde. Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wá sí Lyon, ó gba iṣẹ́ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí kan tó ń ṣe makaróònì tà, ibẹ̀ ló sì ti di alásè. Ní 1921, pẹ̀lú owó fáráǹkì 12,000, ó ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní ojúlé 12, òpópónà Royale. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àárẹ̀ mú un, ó gòkè lọ sí Col de la Luère lẹ́yìn ìlú láti sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáná níbẹ̀, nínú ahéré tí kò ní gáàsì tí kò ní iná mànàmáná. Ní 1933, ìwé atọ́nà Michelin fún ilé oúnjẹ méjèèjì ní ìràwọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí ẹni tó tíì gba mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà rí, ọkùnrin tàbí obìnrin; kò sì sí ẹlòmíràn tó tún ní mẹ́fà títí di 1998, nígbà tí Alain Ducasse ní i. Édouard Herriot, olórí ìlú Lyon fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ní 1946, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Bocuse wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní orí òkè. Ó fún wàrà màlúù, ó lọ aṣọ tábìlì, ó roko ewébẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Ìyá Brazier kú ní 1977.

Ó yẹ kí a fi ààlà sí i: ilé oúnjẹ Fillioux àti ti Brazier kúrò ní bouchon nígbà tó yá, nítorí olú truffe àti edé ńlá kì í ṣe oúnjẹ ahunṣọ. Ṣùgbọ́n òkìkí wọn bo gbogbo olóńjẹ ìlú náà. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni Curnonsky, òǹkọ̀wé tí àwọn ará Faransé kà sí ọba nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kéde Lyon ní olú ìlú oúnjẹ fún gbogbo ayé. Ìyá Léa ló súnmọ́ bouchon jù nínú àwọn tó kẹ́yìn. Ó máa ń ti ọmọlanke rẹ̀ kiri ọjà etí odò Saône ní òwúrọ̀, pẹ̀lú pátákó kan lára rẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún èrò pé obìnrin aláìlágbára ni òun lóòótọ́, àmọ́ ẹnu òun le.

Oúnjẹ bouchon ní ètò tirẹ̀. Abọ́ ńláńlá ló kọ́kọ́ ń dé, wọ́n á máa gbé e láti tábìlì dé tábìlì, kálukú á sì bù ú bó ṣe fẹ́: ẹ̀wà lentille, ẹja herring pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọtí kíkan àti àlùbọ́sà pò. Lẹ́yìn náà ni quenelle lè dé. Ẹja brochet láti inú adágún ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹja tí egungun rẹ̀ pọ̀ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á gún ẹran rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á po ó mọ́ ẹyin, bọ́tà àti ìyẹ̀fun, wọ́n á mọ ọ́n gbọọrọ, wọ́n á sì dà á sínú ọbẹ̀ edé odò. Nínú ààrò ló ti máa ń wú. Tablier de sapeur ni ààyò àwọn ọmọ ìlú gan-an. Ṣàkì ni: wọ́n á kọ́kọ́ sè é, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú wáìnì funfun, wọ́n á yí i nínú ẹyin àti búrẹ́dì lílọ̀, wọ́n á sì dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi gan. Awọ tí àwọn ọmọ ogun onímọ̀-ẹ̀rọ máa ń so mọ́ iwájú ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ìtàn ìlú sọ pé nítorí Ọ̀gágun de Castellane, tó ṣàkóso àwọn ọmọ ogun Lyon nígbà Napoléon Kẹta, ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀gágun náà fẹ́ràn ṣàkì.

Cervelle de canut ni orúkọ tó ń dẹ́rù ba àlejò jù, nítorí ọpọlọ ahunṣọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ọpọlọ nínú rẹ̀ rárá. Wàràkàṣì rírọ̀ ni wọ́n ń lù, tí wọ́n á sì fi aáyù, ewé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, òróró, ọtí kíkan, iyọ̀ àti ata sí. Ẹni tí kò lówó ẹran ló ń fi í jẹ búrẹ́dì. Bóyá oníṣòwò tó kà á sí pé ọpọlọ canut kò ju báyìí lọ ló fún un lórúkọ, bóyá canut fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Wáìnì kì í wá nínú ìgò olórúkọ. Inú agba ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń pè ní pot, tó ń gba sẹ̀ntílítà 46. Ìdí nípọn yìí kì í jẹ́ kí ìgò náà ṣubú lórí tábìlì tí ọwọ́ pọ̀ lé.

Iṣẹ́ sẹ́dà kò pẹ́ títí. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn kọ lu kòkòrò sẹ́dà ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ àti òwú àtọwọ́dá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òfì inú yàrá. Bí canut ṣe ń dínkù, bouchon ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Presqu'île, ahọ́n ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì, níbi tí àwọn alápatà, òǹtẹ̀wé, akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò ti ń ṣiṣẹ́. Ọjà ńlá Cordeliers tí wọ́n kọ́ ní 1859 wà nítòsí. Ní 1971, wọ́n kó ọjà náà lọ sí Part-Dieu ní òdì kejì Rhône, orúkọ Paul Bocuse ló sì ń jẹ́ láti 2006.

Ìṣòro méjì ni bouchon bá pàdé láti ìparí ọ̀rúndún ogún wá. Èkíní ni àrùn màlúù tó ya wèrè. Láti nǹkan bí ọdún 2000 títí di 2015, òfin Yúróòpù kò gbà kí wọ́n jẹ ìfun màlúù, nítorí náà andouillette, sọ́séèjì onífun tí wọ́n ti ń fi ìfun ọmọ màlúù ṣe ní Lyon, di ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn kan padà sí ti àtijọ́ nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn mìíràn ti gbàgbé ìtọ́wò rẹ̀. Èkejì ni àṣeyọrí bouchon fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí UNESCO fi àárín gbùngbùn ìlú náà kún ogún àgbáyé ní 1998, arìnrìn-àjò ń ya wọlé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ra aṣọ tábìlì alápupa lè kọ bouchon sí iwájú ilé rẹ̀ kó máa gbé quenelle inú yìnyín kalẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, ní 1997, ni ẹgbẹ́ kan ti dìde láti dáàbò bo àwọn ojúlówó. Ilé tí wọ́n bá fọwọ́ sí á gba àmì kan láti kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà: Gnafron aránbàtà ni, ó di ife wáìnì mú. Ní 2012, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ìlú náà gbé àmì tuntun jáde, tó ń wo oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti rà á, ìrísí ilé, àti bí wọ́n ṣe ń gbàlejò. Nǹkan bí ogún ilé oúnjẹ ló ní i. Àwọn tó ń kọ bouchon sára ògiri pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Lórí Croix-Rousse, àwọn yàrá alájà gíga ti di ilé olówó gọbọi, òfì díẹ̀ ló sì kù fún àwọn tó wá wòran. Mâchon ṣì wà. Àwọn bouchon kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ń bọ̀, wọ́n á gbé sọ́séèjì, etí ẹlẹ́dẹ̀ àti ṣàkì kalẹ̀, pẹ̀lú pot Beaujolais kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan tún wà, Francs-Mâchons, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé láti wo ẹni tó ṣì ń ṣe é dáadáa. Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ báyìí jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó ti tẹ òfì láti ìdájí nínú wọn.